Barry Bonds: wọn ò fòfin dè é, ìbò rẹ̀ ni kò pé

Ní ilé onígbàjámọ̀ tí mo ti ń gẹrun ní Houston, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá la sábà máa ń jiyàn lé lórí. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí ló máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn sọ níjọ́sí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fòfin de Barry Bonds. Líìgì ní kò gbọdọ̀ wọ Hall of Fame títí ayé, nítorí oògùn agbára." Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí, torí bí mo ṣe ń gbọ́ ọ bọ̀ nìyẹn. Ìgbà tí mo délé tí mo tú ìdí ọ̀rọ̀ náà wò ni mo rí i pé ohun kan ṣoṣo ló jóòótọ́ níbẹ̀: Bonds kò sí nínú Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn olókìkí bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù. Kì í ṣe líìgì ló ń yan ẹni tó ń wọlé. Kò sí òfin tó dá Bonds dúró. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni orúkọ rẹ̀ sì fi wà nínú ìwé ìdìbò.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù tí kò ju ọsàn lọ, ẹni tó di igi mú á gbìyànjú láti gbá a. Bó bá gbá a tó fò kọjá ọgbà pápá, home run nìyẹn. Bonds gbá 762, kò sì sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2001 nìkan, 73 ló gbá. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ lọ́dún nínú líìgì rẹ̀. Bí iṣẹ́ ọwọ́ nìkan bá ni wọ́n ń wò, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa jiyàn lórí rẹ̀.

Ta ló wá ni ilé tí kò wọ̀ yìí? Cooperstown ló wà, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹfà ọdún 1939. Stephen Clark ló dá a sílẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀, Edward Clark, ni alájọṣe Isaac Singer. Bẹ́ẹ̀ ni o, Singer yẹn náà ni, ẹ̀rọ ìránṣọ tí telọ̀ àdúgbò yín ń fẹsẹ̀ wà. Owó ẹ̀rọ ìránṣọ ló kọ́ ilé àwọn olókìkí, ọmọ-ọmọ Stephen, Jane Forbes Clark, ló sì jẹ́ alága ibẹ̀. Kọmíṣọ́nà líìgì, ìyẹn ọ̀gá àgbà rẹ̀, ní àga nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé náà dá dúró, kì í ṣe ti líìgì. (Cooperstown fúnra rẹ̀ jókòó lórí irọ́ mìíràn. Ìgbìmọ̀ kan kéde ní nǹkan bí ọdún 1907 pé ibẹ̀ ni Abner Doubleday ti dá bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́dún 1839. Lọ́dún náà, Doubleday wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní West Point. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣí ilé náà lọ́dún 1939, wọ́n ní ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.)

Bí wọ́n ṣe ń yan ènìyàn síbẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí àwa náà mọ̀. Ilé náà ní àwọn afọbajẹ tirẹ̀, akọ̀ròyìn sì ni wọ́n: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù tó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́. Agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti ṣeré fún ọdún mẹ́wàá, kó sì ti fẹ̀yìn tì fún ọdún márùn-ún. Olùdìbò kọ̀ọ̀kan lè kọ orúkọ mẹ́wàá, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún wọlé. Ẹni tí kò bá tó ìdá 5, orúkọ rẹ̀ jáde nínú ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wà láàárín lè padà wá fún ọdún mẹ́wàá. Ọdún 15 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gé e kù lọ́dún 2014.

Ohun tí ìlànà ìdìbò ní kí wọ́n máa wò pọ̀ ju gbígbá bọ́ọ̀lù lọ. Ó dárúkọ òótọ́ inú, ìwà eléré tó mọ eré í ṣe, àti ìwà lápapọ̀. Nílé wa, a ó pe gbogbo rẹ̀ ní ìwà ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ìlànà náà kò sọ ibi tí ìwà ọmọlúàbí ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Olúkúlùkù olùdìbò ló ń fi ìwọ̀n tirẹ̀ wọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹni tó lè ní kó wá ṣàlàyé.

Inú ìwọ̀n yẹn ni Bonds bọ́ sí. Ọdún 2013 ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé ìdìbò, ó sì gba ìdá 36.2. Lọ́dún yẹn, àwọn akọ̀ròyìn kò yan ẹyọ ẹnì kan. Ìbò rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí di ọdún 2022, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹwàá àti àṣekágbá. Nínú ènìyàn 394 tó dìbò, 260 kọ orúkọ rẹ̀. 296 ló yẹ kó jẹ́. Ìbò 36 ló já a sílẹ̀. Roger Clemens, tó gba Cy Young, àmì-ẹ̀yẹ àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, lẹ́ẹ̀meje, gba 257 lọ́jọ́ kan náà, òun náà sì já sílẹ̀. Ẹni tí a fòfin dè, ta ni yóò dìbò 260 fún un?

Mi ò wí pé ìfura àwọn tí kò dìbò fún un kò nídìí. Ẹni tó ń kọ́ Bonds ní eré ìmárale ní àjọṣe pẹ̀lú BALCO, ilé iṣẹ́ ní California tí ìjọba mú fún títa oògùn agbára. Lọ́dún 2003, Bonds jẹ́rìí níwájú grand jury, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tó ń gbọ́ ẹ̀rí kí wọ́n tó pe ènìyàn lẹ́jọ́, pé òun lo òróró àti ìpara tí ọkùnrin náà fún òun, àmọ́ òun kò mọ̀ pé oògùn agbára ni. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lọ́dún 2011 pé ó dí ìdájọ́ lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ yẹn lọ́dún 2015. Líìgì kò dá a dúró rí nítorí oògùn, ọdún 2004 ni ìjìyà fún ẹni tí àyẹ̀wò bá mú sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún náà tó dé, gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ "wọ́n fòfin dè é" ti jáde? Mo rò pé Pete Rose ló kó bá a. Rose ni òfin dè ní tòótọ́, àwọn ènìyàn sì ń da ọ̀ràn tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Bonds.

4,256 ni iye ìgbà tí Rose gbá bọ́ọ̀lù tó sì sáré dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹnikẹ́ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1989, kọmíṣọ́nà Bart Giamatti lé e kúrò nínú eré náà títí láé nítorí tẹ́tẹ́. Rose sẹ́ kanlẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kó tó jẹ́wọ́ lọ́dún 2004 pé òun ta tẹ́tẹ́ lórí bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù nígbà tí òun jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Cincinnati. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: lọ́jọ́ tí Giamatti lé e, kò sí òfin kankan ní Cooperstown tó ní kí wọ́n má dìbò fún ẹni tí líìgì lé. Oṣù Kejì ọdún 1991 ni ìgbìmọ̀ ilé náà tó ṣe òfin yẹn, nígbà tó ku díẹ̀ kí orúkọ Rose wọ ìwé ìdìbò ti ọdún 1992. Lójú tèmi, wọ́n rí i pé ó ń bọ̀, wọ́n sì sáré ti ilẹ̀kùn. Shoeless Joe Jackson, tí líìgì ti lé látàrí rìbá ìdíje àṣekágbá ọdún 1919, gba ìbò méjì lọ́dún 1936 nígbà ìdìbò àkọ́kọ́, nítorí kò sí òfin tó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà náà.

Rose kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, kọmíṣọ́nà Rob Manfred kéde pé ìyà ayérayé kò kọjá ikú, ó sì yọ orúkọ Rose, ti Jackson àti ti àwọn mìíràn kúrò nínú ìwé àwọn tí a lé. Ìgbìmọ̀ tó lè gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò yóò jókòó ní oṣù Kejìlá ọdún 2027. Bí Rose bá wọlé, òkú rẹ̀ ni wọ́n ń dá lọ́lá. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi nínú, bí mo tilẹ̀ gbà pé ẹ̀bi tẹ́tẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n tì síta láìkọ òfin kankan sílẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú tí líìgì ńlá kò gbà kó ṣeré kí ọdún 1947 tó dé. Satchel Paige ni àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n yàn nítorí iṣẹ́ wọn nínú líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ́dún 1971, wọ́n sì kọ́kọ́ fẹ́ ya ibì kan sọ́tọ̀ fún òun àti irú rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ènìyàn pariwo ni wọ́n tó so àwo idẹ ìrántí rẹ̀ mọ́ ara ògiri tí ti Babe Ruth, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ funfun, wà. Lọ́dún 1977 ni wọ́n yan Martín Dihigo, ọmọ ìpínlẹ̀ Matanzas ní Kúbà, ilẹ̀ tí ìlù àti orin Lukumí, ìyẹn àṣà Yorùbá ti ibẹ̀, kò tíì dákẹ́ di òní. Ó ti kú ní 1971. Kò gbá ẹyọ bọ́ọ̀lù kan nínú líìgì ńlá rí. Nígbà tí mo bá ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ìwà ọmọlúàbí ni Cooperstown fi ń yan ènìyàn, Dihigo ni mo máa ń rántí.

Ìgbàgbọ́ mìíràn tó tẹ̀ lé e ni pé òǹkà lásán ń gbé ènìyàn wọlé. Rafael Palmeiro lè jẹ́rìí sí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbá home run 569, iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù dé ibi tó yẹ sì jẹ́ 3,020. Àwọn tó ní méjèèjì tó bẹ́ẹ̀ kò tó mẹ́wàá. Àyẹ̀wò mú un lọ́dún 2005. Lọ́dún 2014, ìdá 4.4 ló gbà, orúkọ rẹ̀ sì jáde.

Àwọn tó ń sọ pé mímọ́ ni gbogbo ẹni tó wà nínú ilé náà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Gaylord Perry kọ ọ́ fúnra rẹ̀, nígbà tó ṣì ń ṣeré, pé òun máa ń fi ìtọ́ àti òróró pa bọ́ọ̀lù kó lè máa yí lójú òfuurufú, ohun tí òfin ti kọ̀ láti ọdún 1920. Àwọn akọ̀ròyìn yàn án lọ́dún 1991, ọdún kan náà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ Rose. Bud Selig, tó jẹ́ kọmíṣọ́nà nígbà tí oògùn agbára gbòde kan, wọlé lọ́dún 2017. Ọjọ́ tí Bonds já sílẹ̀ ní 2022, David Ortiz wọlé pẹ̀lú ìdá 77.9 nígbà àkọ́kọ́. Ìwé ìròyìn kan ti kọ ọ́ lọ́dún 2009 pé orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí àyẹ̀wò ọdún 2003 mú. Ortiz ní òun kò lo oògùn agbára rí, Manfred náà sì ní àyẹ̀wò yẹn ní iyèméjì nínú. Mi ò ní Ortiz sínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní iyèméjì fún ọ̀kan, tí kò ní fún èkejì, ojú àánú rẹ̀ kò gún. Bí wọ́n bá fún mi ní ìwé ìdìbò, mo máa kọ orúkọ Bonds.

Lẹ́yìn àwọn akọ̀ròyìn, ó ku ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 16 tó máa ń tún àwọn tó ti já sílẹ̀ wò. Ìbò 12 ló ń gbéni wọlé níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìbò Bonds kò tó 4. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, kò tó 5. Ẹni tí wọ́n yàn lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìbò 14, ni Jeff Kent, ẹni tí òun àti Bonds jọ wà nínú ẹgbẹ́ Giants, tí wọ́n sì ń tira wọn lójú gbogbo ayé lọ́dún 2002. Òfin tuntun ti wà báyìí pé ẹni tí kò bá tó ìbò 5, orúkọ rẹ̀ kò ní sí nínú ìjókòó tó tẹ̀ lé e. Òun nìyí nìkan tó súnmọ́ ìfòfindè, gbogbo olùdíje ló sì kàn.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ yẹn nígbà tí mo tún padà lọ gẹrun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí kò bá ṣáà sí níbẹ̀, kí ni ìyàtọ̀?"

Ìyàtọ̀ náà ni pé ẹni tí a fòfin dè mọ ẹni tó ń bẹ̀. Rose ń kọ̀wé sí kọmíṣọ́nà léraléra, kọmíṣọ́nà kan ṣoṣo ló sì tú u sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan. Kò sí ẹni tí Bonds lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí. Ohun tó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni ti bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, ó gbá home run 756, ó sì kọjá Hank Aaron, ẹni tó gbá jù lọ tẹ́lẹ̀. Oníṣòwò aṣọ kan, Marc Ecko, ra bọ́ọ̀lù náà ní iye tó lé ní 750,000 dọ́là, ó ní kí àwọn ènìyàn dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá kí òun sàmì ìràwọ̀ sí i lára, àmì tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní kó sàmì sí i. Ó gé ìràwọ̀ náà sára awọ bọ́ọ̀lù, ó sì fi í ta Cooperstown lọ́rẹ lọ́dún 2008. Wọ́n gbà á. Bọ́ọ̀lù náà ti wọlé ná.