Bootloader wo ni kí a lò, ìgbà wo sì ni kí a gbé ẹ̀yà tuntun jáde?

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Tánkẹ níbí, ní Ìlọrin, àti ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á wa kóòdù Linux, glibc (àkójọ iṣẹ́ tí àwọn ètò yòókù ń pè), GCC (ètò tó ń kọ́mpáìlì) àti àwọn yòókù jọ, wọ́n á sì kọ́mpáìlì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé wọ́n á sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, bí ìwé Linux From Scratch tí Gerard Beekmans bẹ̀rẹ̀ ní 1999 ṣe là á sílẹ̀. Ìwé náà ṣàlàyé kíkọ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá kọ́ ọ tán ni ọ̀rọ̀ ń lọ́jú pọ̀: kí ni yóò jí i lórí ẹ̀rọ, ìgbà wo ló sì tọ́ kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn? Ohun tí wọ́n ń bi mí jù nìyí, àti bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kí ni bootloader ń ṣe gan-an?

Ìdáhùn: Nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, orí dísìkì ni kernel, ìyẹn ọkàn ètò Linux, wà, kò tíì sí nínú mẹ́mórì. Fámúwíà, ìyẹn ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ti fi sínú bọ́ọ̀dù rẹ̀, kò mọ ext4, ìyẹn ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, kò sì mọ ibi tí ẹ kó kernel sí. Bootloader ló máa wá kernel rí, tó máa gbé e sínú mẹ́mórì, tó máa sọ fún un ibi tí root (ìpín dísìkì tí ìyókù ètò wà lórí rẹ̀) wà, tó sì máa fi gbogbo nǹkan lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀.

Lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo BIOS, irú fámúwíà ti tẹ́lẹ̀, báìtì 512 àkọ́kọ́ nìkan ni fámúwíà ń kà lórí dísìkì. Ẹ yọ báìtì 64 fún àtẹ tó ń sọ bí a ṣe pín dísìkì, ẹ yọ 2 fún àmì ìparí, 446 ló kù. Ètò tó lè ka ext4 kò lè wọ inú àyè yẹn. Ìdí nìyẹn tí GRUB, ọ̀kan lára àwọn bootloader, fi pín ara rẹ̀: boot.img wà nínú báìtì wọ̀nyẹn, core.img wà ní àlàfo tó ṣáájú ìpín àkọ́kọ́, ìyókù wà nínú /boot/grub. Lórí UEFI, irú fámúwíà tuntun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Fámúwíà fúnra rẹ̀ lè ka FAT, ọ̀nà ìtòfáìlì mìíràn tó rọrùn, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .efi ló sì ń wá nínú ìpín kékeré tí wọ́n ń pè ní ESP.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí tèmi ń lò?

Ìdáhùn: Ẹ fi fláàṣì gbé Linux èyíkéyìí dìde, kí ẹ wò ó bóyá /sys/firmware/efi wà. Bó bá wà, UEFI lẹ gbà wọlé. Bí kò bá sí, BIOS ni. Àmọ́ ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan yìí nìkan ló ń sọ o, torí ẹ̀rọ mìíràn ní méjèèjì. Ẹ tún wo inú setup rẹ̀, ìyẹn ojú ewé ètò fámúwíà.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí n lo LILO, ẹnì kan ní systemd-boot, òmíràn ní kò sí ohun tí bootloader fẹ́ ṣe fún mi rárá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: GRUB ni mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò dé ọwọ́ ẹlòmíràn ní agbègbè wa.

Àwọn àgbà Linux lo LILO gan-an, Slackware 15.0, ọ̀kan lára àwọn Linux àtijọ́, tó jáde ní 2022 ṣì kó o dání. Ṣùgbọ́n LILO kò mọ fáìlì. Ó kàn ń kọ ibi tí kernel wà lórí dísìkì sílẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù ni. Ẹ pààrọ̀ kernel, kí ẹ má tún àṣẹ lilo ṣe, àkọsílẹ̀ àtijọ́ ló máa tẹ̀ lé. Àwọn tó ń ṣe é sì ti dáwọ́ dúró láti oṣù Kejìlá 2015. Ẹ̀yà tó kẹ́yìn ti Syslinux, bootloader àtijọ́ mìíràn, 6.03, ti jáde láti 2014. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí ó fi méjèèjì sílẹ̀.

Ẹni tó ní kí ẹ má lo bootloader kò parọ́. Láti Linux 3.3, ní 2012, kernel fúnra rẹ̀ lè di fáìlì .efi tí fámúwíà máa gbé dìde tààrà. Ó dára fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó jẹ́ tiyín. Systemd-boot náà mọ́ tónítóní, ìlà díẹ̀ ni àkọsílẹ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni pé orí UEFI nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wo àwọn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wa. Ní 2017 ni Intel kéde pé tó bá máa fi di 2020, òun á ti yọ ọ̀nà BIOS kúrò. Nítorí náà, ẹ máa rí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju BIOS lọ, ẹ máa rí èyí tí kò mọ̀ ju UEFI lọ, lórí tábìlì kan náà. GRUB ń dúró lórí méjèèjì.

Ìdí kejì ni iná, òun ni mo sì kà sí jù. Bátìrì ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti kú. Bí iná bá lọ, wọ́n lọ nìyẹn. Systemd-boot ń fẹ́ kí kernel wà lórí FAT, FAT kò sì ní jọ́nà, ìyẹn ìwé tí ext4 ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sí kí ó tó ṣe é. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń kọ kernel tuntun sórí FAT, ìṣètò ìpín náà lè bàjẹ́, kernel àtijọ́ àti bootloader fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Pẹ̀lú GRUB, kernel lè wà lórí ext4, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan ESP lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀.

Bí ẹ bá ń fi GRUB sí ẹ̀rọ UEFI, ẹ fi --removable mọ́ àṣẹ grub-install. Ó máa gbé e sí EFI/BOOT/BOOTX64.EFI, ibi tí fámúwíà ń wò bí kò bá rántí orúkọ kankan. Àwọn fámúwíà kan máa ń gbàgbé lóòótọ́.

Ìbéèrè: «grub rescue>» nìkan ni mo ń rí. Ṣé kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o! Core.img ti jí, kò kàn rí /boot/grub ni. Ẹ tẹ ls, ó máa to àwọn ìpín sílẹ̀, irú bíi (hd0,msdos1) àti (hd0,msdos2). Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi ls (hd0,msdos2)/boot/grub, títí ẹ ó fi rí èyí tó ní fáìlì nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àwọn wọ̀nyí tẹ̀ léra:

set root=(hd0,msdos2)
set prefix=(hd0,msdos2)/boot/grub
insmod normal
normal

Àtẹ yín máa yọ. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ tún grub-install ṣe.

Ìbéèrè: Àtẹ GRUB yọ, mo yan tèmi, ó dúró síbi «VFS: Unable to mount root fs». Ṣé kí n pààrọ̀ bootloader?

Ìdáhùn: Ẹ má fọwọ́ kàn án. Kernel ti ń sọ̀rọ̀, bootloader ti parí tirẹ̀. Ẹ wo bóyá root= bá orúkọ ìpín yín mu. Bó bá bá a mu, ẹ padà sí àtòjọ kernel: dráífà dísìkì àti ext4 gbọ́dọ̀ wà nínú kernel gan-an, kì í ṣe ní módù (fáìlì ọ̀tọ̀ tí kernel ń gbé wọlé lẹ́yìn), tí ẹ kò bá lo initramfs, ìyẹn àkójọ fáìlì kékeré tí bootloader ń gbé wọlé pẹ̀lú kernel.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kí a máa gbé ẹ̀yà tuntun jáde?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àwọn tí ẹ ń gba kóòdù lọ́wọ́ wọn. Glibc ń jáde ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹjọ. Binutils, àwọn irinṣẹ́ tó ń bá GCC ṣiṣẹ́, náà ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nítòsí ìgbà kan náà. GCC ń mú ẹ̀yà ńlá kan jáde lọ́dún, ní nǹkan bí oṣù Kẹrin sí Ìkarùn-ún. Linux ń jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí Linux From Scratch fi ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án: 12.3 ní oṣù Kẹta 2025, 12.4 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Glibc ti jáde, wọ́n ti fi oṣù kan dán an wò.

Oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá ni mo ń dá lábàá, kí àṣìṣe tí àwọn tó ṣáájú rí ti lójútùú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, pákéèjì tuntun kankan kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, àtúnṣe nìkan. Kernel tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́ ni kí ẹ mú, irú bíi 6.12 tó jáde ní 2024.

Debian, Linux ńlá mìíràn, kì í jáde àfi tó bá yá. Slackware fi nǹkan bí ọdún márùn-ún ààbọ̀ dúró láàárín 14.2 àti 15.0. Àwọn yẹn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ márùn-ún, àfi kí ó dá ọjọ́, kí ó sì yọ ohun tí kò bá tíì dára sílẹ̀, torí lójoojúmọ́ ni pákéèjì tuntun ń jáde, kò sì sí ọjọ́ tí èèyàn kò ní rí ọ̀kan tó wù ú. Ẹ sọ ẹ̀yà ní ọdún àti oṣù bíi ti Ubuntu, 24.04 fún oṣù Kẹrin 2024, kí ẹni tó ń lò ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Bootloader kò sí nínú ìlànà yìí. GRUB 2.06 jáde ní 2021, 2.12 jáde ní ìparí 2023. Ẹ má tún un fi sórí ẹ̀rọ olóẹ̀rọ torí pé ẹ̀yà yín yí padà.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe fẹ́ dá ọjọ́ nígbà tí a kò mọ ìgbà tí iná máa wá?

Ìdáhùn: Ẹ lo SBU. Àkókò tí kíkọ́ Binutils àkọ́kọ́ gbà lórí ẹ̀rọ yín ni SBU kan, ìwé Linux From Scratch sì kọ iye SBU sí ẹ̀gbẹ́ pákéèjì kọ̀ọ̀kan. Bí Binutils bá gba ìṣẹ́jú mẹ́fà, pákéèjì SBU márùn-ún máa gba bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi wé wákàtí tí áńfátà yín lè gbé kí ẹ tó fọwọ́ kan GCC.

Ìbéèrè: Tí ẹ̀yà tuntun wa bá kọ̀ lórí ẹ̀rọ ẹni tó wà ní abúlé ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹni yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀. Kò ní fláàṣì, dátà rẹ̀ lè má tó, kò sì sí ẹni tó máa bá a tún un ṣe. Ẹ má kọ kernel tuntun lé ti àtijọ́ lórí láé. Ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀, bíi vmlinuz-6.12-2025.10, kí ẹ tẹ sync kí gbogbo rẹ̀ lè dé orí dísìkì, kí ẹ sì jẹ́ kí méjèèjì wà nínú àtẹ. Ẹ fi GRUB_DEFAULT=saved sí ètò GRUB, kí ẹ fi grub-set-default sọ ti àtijọ́ di èyí tó ń jí fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi grub-reboot yan ti tuntun fún ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ fi panic=10 sí ìlà kernel tuntun. Bó bá kú lójú ọ̀nà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni ẹ̀rọ máa dúró kó tó tan ara rẹ̀, ti àtijọ́ ni yóò sì gbé dìde. Lẹ́yìn tí ti tuntun bá ti wọlé dáadáa fún ẹni náà ni kí ẹ tó tún grub-set-default tẹ̀.