Ìtẹ̀dó ènìyàn àti ìyípadà àyíká ní erékùṣù Saint Helena

Saint Helena jẹ́ erékùṣù kékeré kan láàárín gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, lábẹ́ ìṣàkóso ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkè ayọnáyèéfín ló gbé e jáde láti ìsàlẹ̀ òkun ní nǹkan bí mílíọ̀nù 14 ọdún sẹ́yìn. Etíkun Áfíríkà tó sún mọ́ ọn jù tó nǹkan bí 1,900 kìlómítà sí i. Kò fìgbà kan so mọ́ ilẹ̀ kankan, kò sì sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ nígbà tí àwọn atukọ̀ Pọ́túgà rí i ní ọdún 1502. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láti ìgbà náà wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti mọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe níbẹ̀.

Atẹ́gùn, omi òkun àti ẹsẹ̀ ẹyẹ ló gbé irúgbìn àti kòkòrò dé erékùṣù yìí, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn tó dé ibẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi di ohun tí kò sí níbòmíràn láyé. Nǹkan bí irú ewéko 45 àti kòkòrò tó lé ní irú 400 ló jẹ́ ti Saint Helena nìkan. Igi ebony wà nísàlẹ̀, igi gumwood bo àárín òkè, igi fern sì wà ní ṣóńṣó, níbi tí kùrukùru kì í ti í kúrò. Kò sí ẹranko kankan tó ń jẹ ewé níbẹ̀. Àwọn ẹyẹ kan tilẹ̀ pa fífò tì, torí kò sí ohun tó ń lé wọn.

Ewúrẹ́ ni àwọn ará Pọ́túgà kọ́kọ́ tú sílẹ̀ síbẹ̀, kí ọkọ̀ tó bá ń ti Íńdíà bọ̀ lè rí ẹran jẹ. Nígbà tí Thomas Cavendish, atukọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, débẹ̀ ní ọdún 1588, agbo ewúrẹ́ ti gba orí òkè kan. Ewúrẹ́ kì í wó igi ńlá. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ló ń jẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀ràn wà. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Lórí Saint Helena, igi ń darúgbó, ó ń kú, kò sì sí ọmọ tó máa rọ́pò rẹ̀. Igbó náà lè dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣe é fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kó sì wá lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Charles Darwin, tó débẹ̀ ní ọdún 1836, kọ ọ́ pé igi ṣì pọ̀ ní ọdún 1716, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1724, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àgbà igi ti wó.

Ọwọ́ ènìyàn náà kò sinmi. Ilé-iṣẹ́ East India Company ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ ibẹ̀ dó ní ọdún 1659. Wọ́n ń gé igi fún ìdáná, wọ́n ń fi sun òkúta ẹfun, wọ́n sì ń bó èèpo rẹ̀ fún iṣẹ́ awọ. Nígbà tí wọ́n fẹjọ́ sùn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún pé ewúrẹ́ ń run igi ebony, èsì tí ilé-iṣẹ́ náà fọ̀ ni pé ewúrẹ́ wúlò ju ebony lọ. Lẹ́yìn tí igi tán, àgbàrá òjò gbá erùpẹ̀ lọ. Títí di òní, ìhòòhò ni etí erékùṣù náà wà, òkúta àti iyanrìn lásán.

Àwọn kòkòrò àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè náà tún wà. Lẹ́yìn 1840, àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń mú àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú wá sí Saint Helena. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n tú sílẹ̀ níbẹ̀ lé ní 25,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sì kú, tí wọ́n sin sí àfonífojì Rupert. Nínú pákó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n tú palẹ̀ ni ikán ti jáde. Kò pẹ́ tó fi jẹ Jamestown, olú ìlú, dé àjà ilé àti ìwé inú ilé ìkàwé.

Lórí òkè, ohun ọ̀gbìn flax láti New Zealand ló gba ilẹ̀ igi fern. Okùn ni wọ́n ń fi í ṣe. Ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń rà á láti fi di lẹ́tà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bọ́ sí okùn oníke, òwò náà kú ní ọdún 1966. Flax kò bá òwò náà lọ, ó ṣì bo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Àdánù ńlá ni, torí ewé igbó òkè náà ló ń gba omi inú kùrukùru sílẹ̀ fún odò àti fún ará ìlú.

Díẹ̀ nínú ohun tó ti lọ ni ẹyẹ hoopoe ńlá tí kì í fò, àti kòkòrò earwig tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8, tí ìdí rẹ̀ rí bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ọdún 1967 ni wọ́n rí kòkòrò náà láàyè gbẹ̀yìn. Igi ólífì Saint Helena tó kẹ́yìn nínú igbó kú ní 1994. Èyí tí wọ́n gbìn sínú ọgbà kú ní 2003, olú àti ikán ló pa á. Nínú ẹyẹ orí ilẹ̀ tó jẹ́ ti erékùṣù náà nìkan, wirebird ló kù. Pápá ìjẹko tí ènìyàn ṣí sílẹ̀ ló ń gbé, ṣùgbọ́n ológbò àti eku ń jẹ ẹyin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ebony yàtọ̀. Gbogbo ènìyàn gbà pé ó ti run, àfi ìgbà tí George Benjamin, ọmọ bíbí erékùṣù náà, rí igi kúkúrú méjì ní ọdún 1980, lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta tí ewúrẹ́ kò lè dé. Wọ́n fi okùn sọ ènìyàn kalẹ̀ kó lè gé ẹ̀ka rẹ̀ wá. Láti ara ẹ̀ka wọ̀nyẹn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ebony tó wà lónìí ti jáde. Gumwood náà fẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn 1991, nígbà tí kòkòrò àjèjì kan tó ń fa omi ara igi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ní 1993 wọ́n kó kòkòrò mìíràn wá láti máa jẹ ẹ́, igi náà sì bọ́. Láti ọdún 2000 ni àwọn ará ìlú ti ń gbin gumwood padà sí ibi tí Great Wood, igbó ńlá àtijọ́, wà, ní ibi tí wọ́n pè ní Millennium Forest.