Drafting nínú ìdíje triathlon

Drafting ni kí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú ìdíje sún mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíràn, kí ara ẹni iwájú lè máa bá a dí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ níwájú. Triathlon ní ìpele mẹ́ta tí eléré kan náà ń ṣe láìsinmi: ó máa lúwẹ̀ẹ́, ó máa gun kẹ̀kẹ́, ó sì máa sáré parí rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn nínú omi, ẹni tó bá sì sáré sẹ́yìn ẹlòmíràn kò ṣẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ ni wàhálà wà, ibẹ̀ sì ni òfin ti pín sí méjì.

Iṣẹ́ afẹ́fẹ́

Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ẹni tó ń gùn ún. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí yóò borí rẹ̀ á sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn ẹlòmíràn lè rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ fi pamọ́. Nínú Ironman, ìyẹn triathlon ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 180 kí wọ́n tó sá máráthọ́ọ̀nù, ẹsẹ̀ tó sinmi lórí kẹ̀kẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn.

Ìdíje tó fòfin dè é

Ironman, tó bẹ̀rẹ̀ ní Hawaii lọ́dún 1978, dúró lórí pé kí oníkálùkù dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Mítà 12 ni àlàfo tó ti wọ́pọ̀ jù nínú ìdíje ọ̀nà jíjìn, láti iwájú táyà àkọ́kọ́ ẹni iwájú dé iwájú táyà àkọ́kọ́ ẹni ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ bíi mẹ́fà lè tò sáàárín wọn. Ìdíje T100, tó jẹ́ ti àwọn tó ń fi eré náà jẹun, gbé e dé mítà 20.

Ẹni tó bá wọ inú àlàfo mítà 12 náà gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 25. Ẹni tí wọ́n kọjá ni òfin yìí wá le jù fún. Òun kò ṣe nǹkan kan, ó ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ jẹ́jẹ́, àmọ́ bí táyà iwájú ẹlòmíràn bá ti lé tirẹ̀ kọjá, òun náà ló gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn títí yóò fi jáde nínú àlàfo, kó tó lè ronú àtikọjá padà. Ọ̀pọ̀ ni rẹfirí ti mú níbẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ nínú Ironman ni káàdì aláwọ̀ búlúù: ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìdúró lábẹ́ àtíbàbà, nígbà tí àwọn yòókù ń lọ. Bí káàdì náà bá pé mẹ́ta, eléré náà ti jáde nínú ìdíje.

Ojú lásán ni rẹfirí orí alùpùpù fi ń wọn àlàfo yìí, alùpùpù tó bá sì sún mọ́ eléré jù ń bá òun náà gba afẹ́fẹ́. Ibi tí òfin kò sì fẹ́ẹ́ ṣeé pa mọ́ ni ibi tí èrò bá pọ̀. Bí ènìyàn 2,000 bá tò ní ìlà kan pẹ̀lú mítà 12 síra wọn, ìlà náà á gùn tó kìlómítà 24. RaceRanger, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní New Zealand, máa ń wà lára kẹ̀kẹ́. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà bí ẹni ẹ̀yìn ṣe ń sún mọ́ ọn. Wọ́n lò ó nínú ìdíje fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún 2023.

Ìdíje tó gbà á láàyè

Lọ́dún 1995 ni àjọ àgbáyé eré náà, tó ń jẹ́ World Triathlon báyìí, gba drafting láàyè fún àwọn ọ̀gá eléré. Òfin yẹn náà ni wọ́n bá lọ sí Òlíńpíìkì Sydney lọ́dún 2000. Kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò ni wọ́n ń gùn níbẹ̀, kí búréèkì lè máa wà nítòsí ìka nínú èrò. Ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn obìnrin, obìnrin kò gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn ọkùnrin, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn alátakò ní ó ń sọ ìdíje di ti ẹni tó bá lè sáré jù ní kìlómítà 10 tó kẹ́yìn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jáde nínú omi pẹ̀lú ọ̀wọ́ iwájú lè máà rí wọn mọ́.

Ó tún mú iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọlé. Ní Òlíńpíìkì London lọ́dún 2012, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan Stuart Hayes láti máa gba afẹ́fẹ́ fún àwọn arákùnrin Brownlee. Alistair gba góòlù, Jonathan gba idẹ. Òfin kò rí i sí. Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ yẹn ní ibi tó mọ: nínú ìdíje ìdánwò Òlíńpíìkì ní Tokyo, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Jess Learmonth àti Georgia Taylor-Brown, obìnrin méjì tó jọ ń ṣojú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, di ọwọ́ ara wọn mú kọjá ìlà ìparí kí wọ́n lè jọ ṣe ipò kìíní. Wọ́n fagi lé orúkọ àwọn méjèèjì, Flora Duffy ti Bermuda tó wọlé tẹ̀lé wọn ló sì gba ipò náà.