Slalom: ṣé ọ̀nà tó kúrú jù ló máa ń yá jù?

Ní ìdíje Òlíńpíìkì Beijing, February 2022, ipò kẹfà ni Clément Noël ọmọ Faransé wà lẹ́yìn ìsáré àkọ́kọ́ nínú slalom ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n parí ìkejì, òun ló gba wúrà. Ìṣẹ́jú-àáyá 0.61 ló fi ṣáájú Johannes Strolz ọmọ Austria, ẹni tó wà níwájú tẹ́lẹ̀. Òkè kan náà ni gbogbo wọn sáré lórí rẹ̀, báwo ni ẹni kẹfà ṣe wá borí?

Kí ni slalom gan-an?
Wọ́n á fi síkì, ìyẹn pátákó gígùn tín-ín-rín tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yìnyín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á máa yí gba géètì pupa àti búlúù kọjá, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n gún mọ́ yìnyín. Àpapọ̀ àkókò méjèèjì ni wọ́n ń kà.

Ṣé ibì kan náà ni géètì máa ń wà lẹ́ẹ̀mejèèjì?
Rárá. Wọ́n máa ń tún un tò kí ìkejì tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá gba tààrà láti ọ̀pá dé ọ̀pá, ṣé òun kọ́ ló yẹ kó yá jù?
Lórí bébà, òun ni. Lórí yìnyín, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹni tó dojú kọ ọ̀pá tààrà máa tètè débẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀tún ni géètì tó kàn wà, òsì ló sì kọjú sí. Ó di dandan kó wọ́ síkì dábùú kó tó lè yí. Síkì tó bá dábùú ti di ìjánu nìyẹn. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú fídíò: ẹ ó rí yìnyín tó ń fọ́n sókè bí ìyẹ̀fun. Ó dùn ún wò, àmọ́ eré ló ń dà nù yẹn.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí lókè ọ̀pá. Nígbà tí ọ̀pá bá fi máa gbá a lójúgun, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí tán, imú síkì ti ń wo géètì tó kàn. Etí síkì nìkan ló ń gé yìnyín, ìlà tín-ín-rín méjì ló sì ń fi sílẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ fi díẹ̀ gùn, àmọ́ eré rẹ̀ ò já.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ẹni tó bá lọ yípo jìnnà sí ọ̀pá náà ń pàdánù. Níbi tí òkè bá ti tẹ́, ẹ gba tààrà díẹ̀ sí i. Níbi tó bá ti dà gẹ̀rẹ́, ẹ yí lọ́pọ̀.

Kí ló dé tí àṣìṣe ibì kan fi ń gbé èèyàn ṣubú níwájú?
Gbèsè tó ń lé èlé ni. Mítà 6 sí 13 péré ló máa ń wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì. Ẹni tó bá pẹ́ díẹ̀ níbí á pẹ́ jù lọ́hùn-ún.

Ṣé wọ́n máa ń fi ojú ọ̀nà náà dánra wò ṣáájú?
Wọn ò gbọdọ̀ sáré gbà á. Wọ́n á kàn rọra yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á há a sórí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dijú lókè, wọ́n á máa fi ọwọ́ júwe géètì lójú afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹ̀mí gbé wọn.

Ta ló ń kọ́kọ́ sáré nínú ìkejì?
Ẹni tó wà ní ipò ọgbọ̀n nínú ìsáré àkọ́kọ́. Nínú àwọn ọgbọ̀n náà, ẹni tó ṣe ipò kìíní ló ń kẹ́yìn, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà fún un. Ẹ̀bùn aṣáájú nìyẹn.

Ó wù mí láti kọ́ ọ. Ṣé kí n máa fara gbá ọ̀pá?
Ẹ má dán an wò. Àwọn yẹn wọ ìbòrí ojúgun àti akoto tó ní irin níwájú ẹnu. Ẹ wá olùkọ́, kí ẹ sì fi ọ̀pá kúkúrú tí kò ga ju ojúgun lọ bẹ̀rẹ̀.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?
Orúnkún. Iṣan inú rẹ̀ lè já bí síkì bá há, tí ara sì yí lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ló sì máa ń gbà kó tó san.