Ìpinnu Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé

Ìpinnu Ìgbìmọ̀ Ààbò ni ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè 15 tó wà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá dìbò fún lórí ọ̀rọ̀ àlàáfíà àti ààbò láàárín orílẹ̀-èdè. Ìlú London ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Kínní ọdún 1946. Nọ́ńbà tí wọ́n ń fún wọn tẹ̀léra-tẹ̀léra láti ìgbà náà ti lé ní 2,700. Ìmọ̀ràn ni ọ̀pọ̀ ìpinnu Àpéjọ Gbogboogbò, níbi tí orílẹ̀-èdè 193 ti ń jókòó, àmọ́ ẹsẹ 25 nínú ìwé òfin àjọ náà ní kí gbogbo wọn mú àṣẹ Ìgbìmọ̀ Ààbò ṣẹ.

Bó ti wù kí ìpinnu kan gùn tó, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Orúkọ ìgbìmọ̀ náà ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìpínrọ̀ tí kò ní nọ́ńbà ló ń tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti ń rántí ìpinnu àtẹ̀yìnwá, tí wọ́n ń kẹ́dùn, tí wọ́n sì ń dá ẹni tó jẹ̀bi lẹ́bi. Inú àwọn tó ní nọ́ńbà, tó wà nísàlẹ̀, ni àṣẹ gan-an wà. Ibẹ̀ ni kí ẹni tí ojú ń kán kọ́kọ́ wò.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dìbò. Ìbò 9 ló ń gbé ìpinnu wọlé, ṣùgbọ́n bí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá lòdì sí i, ó dòfo nìyẹn, kódà bí àwọn 14 yòókù bá fọwọ́ sí i. Fítò ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ta kété kò dí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò wá. Ìjọba Sófíẹ̀tì, tí Rọ́ṣíà jogún àga rẹ̀, mọ èyí lára ní ọdún 1950: wọ́n bínú kúrò nípàdé nítorí pé ìjọba tó ti sá lọ sí Taiwan ló ṣì jókòó sí àga Ṣáínà, kì í ṣe ìjọba Kọ́múníìsì tó wà ní Beijing, ẹ̀yìn wọn sì ni ìgbìmọ̀ ti pinnu lórí ogun Kòríà.

Èyí tó ṣì ń fa àríyànjiyàn jù ni Ìpinnu tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1973, ti ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2011. Ó fòfin de ọkọ̀ òfuurufú lójú sánmà Líbíyà, ó sì fún àwọn orílẹ̀-èdè láyè láti lo gbogbo ọ̀nà tó bá yẹ láti dáàbò bo aráàlú, láìsí pé ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè gba ilẹ̀ náà. Orílẹ̀-èdè 10 fọwọ́ sí i, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Gàbọ́ọ̀nù sì wà nínú wọn. Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Jámánì, Íńdíà àti Bràsíl ta kété. Ọkọ̀ òfuurufú ogun NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà, Kánádà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ń ju bọ́ǹbù títí ìjọba Muammar Gaddafi fi wó. Rọ́ṣíà ní àṣẹ tí wọ́n gbà kọ́ nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bí ìjọba Síríà ṣe ń kọlu aráàlú dé iwájú ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ìbò 9 pé, Nàìjíríà sì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n Rọ́ṣíà àti Ṣáínà fi fítò dá a dúró.