Kí ló dé tí fótò ojú-ẹsẹ̀ fi ń pọ́n bí epo ní ọ̀sán Ọ̀yọ́?

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gbé kámẹ́rà Polaroid, èyí tó ń bí fótò lójú ẹsẹ̀, káàkiri ìlú Ọ̀yọ́, láti Ọjà Akẹ̀sán tó wà lẹ́bàá ààfin títí dé ìsọ̀ àwọn afíngbá. Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni mo ń yà: ìyá tó ń wọn gàrí, ọmọ tó ń yí táyà kiri, àgbà tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn tí mo ń yà kì í yé bi mí ní ìbéèrè, nítorí ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò jọ fóònù, kò sì jọ kámẹ́rà ilé-fótò. Díẹ̀ lára ìbéèrè wọn, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí, nìyí.

Níbo ni wọ́n ti ń fọ fótò náà, nígbà tí kò sí yàrá òkùnkùn?

Inú bébà náà gan-an ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀ fótò Polaroid, ẹ ó rí i pé ààlà funfun ibẹ̀ fẹ̀ ju ti òkè lọ. Àpò pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí kẹ́míkà kíki bí ògì wà nínú rẹ̀. Bí fótò bá ń jáde, ó ń gba àárín irin róbótó méjì kọjá. Àwọn irin yìí á fún àpò náà tú, wọ́n á sì tẹ́ kẹ́míkà rẹ̀ bo gbogbo ojú àwòrán. Ará Amẹ́ríkà kan, Edwin Land, ló ṣe é, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré bi í ní ọdún 1943 pé kí ló dé tí òun kò lè rí fótò tí bàbá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ó fi han àwọn onímọ̀ ní ọdún 1947, títà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Boston ní ọdún 1948. Bébà méjì tí à ń ṣí kúrò lára ara wọn ni ti ìgbà náà. Ọdún 1972 ni èyí tí ó ń là fúnra rẹ̀ láìsí ohun tí à ń ṣí jáde. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ kò ní ṣàì rántí wéètì-áń-gẹ́ẹ̀tì tí à ń yà fún fọ́ọ̀mù àti páásípọ́ọ̀tù. Ẹbí kan náà ni wọ́n.

Báwo ni àwọ̀ ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó dúró sí?

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ìdajì ìdáhùn yìí. Ibi tí aládìrẹ bá fi ẹ̀kọ sí lára aṣọ, aró kò ní lè wọ ibẹ̀, ibẹ̀ yóò sì wà ní funfun. Nínú fíìmù Polaroid, ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ. Ìpele mẹ́ta ló wà nínú fíìmù náà, olúkúlùkù pẹ̀lú èròjà fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà àti aró tirẹ̀ lábẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kan fàdákà, aró abẹ́ rẹ̀ yóò há síbẹ̀. Ibi tí kò bá kàn, aró yóò gòkè lọ sí ojú fótò. Ìdí nìyí tí ògiri tí oòrùn ń pa fi ń funfun, tí abẹ́ àtíbàbà sì ń dúdú.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá lè ba fíìmù jẹ́, báwo ló ṣe ń là ní gbangba?

Nítorí pé kẹ́míkà tí mo pè ní ògì yẹn ń bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ó rí bí omi eérú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní alkali, wọ́n sì po aró kan mọ́ ọn tó máa ń ṣókùnkùn níwọ̀n ìgbà tí agbára omi eérú náà bá ṣì wà. Èròjà kíkan kan wà nínú bébà náà tó ń pa agbára yìí díẹ̀díẹ̀; bí ó bá ti pa á tán, òkùnkùn náà á ṣí, àwòrán á sì yọjú. Síbẹ̀ mo máa ń dojú tèmi délẹ̀ ní kété tó bá jáde, nítorí ìbòrí náà kò nípọn tó fún oòrùn wa.

Kí ló wá dé tí fótò ọ̀sán fi ń pọ́n?

Ooru ni. Ilé-iṣẹ́ Polaroid sọ pé kí á lo fíìmù wọn láàárín 13°C sí 28°C, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta ní Ọ̀yọ́ sábà máa ń kọjá 30°C. Bí ooru bá mú, iṣẹ́ kẹ́míkà náà á yára ju bó ti yẹ lọ, àwọ̀ ìyeyè àti pupa á borí, òkùnkùn ibi tó yẹ kó ṣókùnkùn kò sì ní jinlẹ̀. Bí òtútù ọyẹ́ bá sì mú láàárọ̀, àwọ̀ búlúù bíi ti aró ẹlú ni yóò gba gbogbo rẹ̀.

Èmi fúnra mi jìyà rẹ̀. Mo ya bàbá afíngbá kan nígbà tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń họ ara igbá, tí funfun inú igbá náà ń yọ lábẹ́ èèpo, mo sì gbé fótò náà lé orí táńkì ọ̀kadà tó ti wà nínú oòrùn láti òwúrọ̀. Nígbà tó là tán, bàbá gbà á, ó wò ó títí, ó ní, “Ọmọ mi, epo lo fi pa mí lára yìí.” Láti ọjọ́ náà, inú kúlà ni fíìmù mi ń gbé. Mi ò fi yìnyín kàn án. Ìgò omi tútù méjì tí mo fi aṣọ wé ti tó. Bí fótò bá sì jáde, abẹ́ òjìji ló ń lọ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15.

Fíìmù Instax, tí Fujifilm ti ilẹ̀ Jàpáánì gbé jáde ní ọdún 1998, fara da ooru jù, nítorí wọ́n ní ó lè ṣiṣẹ́ láti 5°C dé 40°C, ó sì ń là láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Òun ni mo gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ń lọ sọ́jà lọ́sàn-án mú dání. Àbùkù rẹ̀ ni pé èyí tó kéré nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mini, kò ju káàdì báńkì lọ, mo sì fẹ́ràn fótò tí ojú àgbà ti lè hàn dáadáa.

Ṣé kí á máa jù ú fìrìfìrì kó lè tètè gbẹ?

Rárá o. Kò sí ohun tó tutù níta tí afẹ́fẹ́ máa gbẹ. Jíjù ú lè ya àwọn ìpele inú rẹ̀ nípá.

Kí ló dé tí ojú mi fi dúdú tó báyìí?

Ẹ̀bi èmi ayàwòrán ni, kì í ṣe ti ojú yín. Bí ẹ bá jókòó sínú òjìji tí oòrùn sì ń ta yòò lẹ́yìn yín, títàn ẹ̀yìn náà ni kámẹ́rà ń wò, á sì gba ìmọ́lẹ̀ níwọ̀nba. Fíìmù yìí kò sì ní sùúrù bíi ti fóònù, tó lè mú òkùnkùn àti títàn papọ̀. Mo máa ń bẹ ẹni náà pé kó fi ẹ̀gbẹ́ kan kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ògiri amọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì máa ń yí bọ́tìnì kámẹ́rà sí apá títàn. Fíláàṣì kò ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀: bí ẹ bá ti jìnnà ju mítà méjì lọ díẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ yín mọ́.

Ṣé o lè bá mi tún òmíràn tẹ̀ lára rẹ̀?

Kò sí négétíìfù, nítorí náà ẹ̀dà kan ṣoṣo ni. Mẹ́jọ péré ló wà nínú páàkì Polaroid kan. Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń ya ẹnikẹ́ni tó bá fún mi láyè, mo sì ń jẹ́ kí onítọ̀hún kọ́kọ́ mú èyí tó wù ú. Nígbà tí mo padà lọ bá bàbá afíngbá pẹ̀lú kúlà, èyí tí fìlà rẹ̀ kò hàn tán ló mú. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gbé e sí ojú fèrèsé, nítorí oòrùn á ṣá a. Wọ́n fi í sínú igbá kan tí wọn kò tíì fín, wọ́n sì dé e.