Òfin tó de eré àsápajúdé àti ìwàkuwà ọkọ̀ ní Abẹ́òkúta

Eré àsápajúdé àti ìwàkuwà ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti ti ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà láti 1976, ìwà yìí kì í ṣe ti ọ̀dọ́ tó ń fi ọkọ̀ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ díje, tàbí ẹni tó ń fi ọkọ̀ pòòyì níbi ayẹyẹ kí táyà lè rú èéfín nìkan. Awakọ̀ èrò tó ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáré nítorí èrò tó dúró níwájú wà nínú rẹ̀. Òun kì í pe tirẹ̀ ní ìdíje, ṣùgbọ́n òfin kò wo orúkọ tí awakọ̀ sọ eré rẹ̀. Ewu tó gbé ka ará ìlú lórí ni òfin ń wò.

Àwọn tó ń mú òfin ṣẹ

Òfin ológun kan ló dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí ará ìlú ń pè ní Road Safety, sílẹ̀ ní oṣù kejì 1988. Ọmọ Abẹ́òkúta ni alága àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní 1934. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní 1977, lásìkò tí jàm̀bá ọkọ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Òfin ti 2007 ni FRSC ń lò báyìí.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ní TRACE tirẹ̀, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mú òfin ìrìnnà ṣẹ, tó bẹ̀rẹ̀ lásìkò ìjọba Gómìnà Gbenga Daniel. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ọ̀rọ̀ ìrìnnà lójú títì ìjọba àpapọ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tó kan òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta. Bí awakọ̀ bá ti ibẹ̀ yà wọ inú àdúgbò, ó ti bọ́ sí abẹ́ òfin ìpínlẹ̀.

Ìwọ̀n eré

Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti 2012 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú, 80 lójú ọ̀nà gbọọrọ, àti 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Takisí àti bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kọjá 90 lójú márosẹ̀. Ti tírélà àti ọkọ̀ agbépo kéré sí i: 45 láàárín ìlú, 60 lójú márosẹ̀.

Ìdí wà fún 50 náà. Ọkọ̀ tó ń sá 50 ń kọjá mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá di 100, ó di mítà 28. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í rò ni ti bíréèkì: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ yóò rìn dé lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ bíréèkì kó tó dúró ń di ìlọ́po mẹ́rin. Abẹ́òkúta kún fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ tó sì ń sọ̀kalẹ̀ nílò àyè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Pánṣẹ́kẹ́, ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí títì, ẹlẹ́sẹ̀ ń gba àárín ọkọ̀ kọjá, ọ̀kadà sì lè yọ lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Níbẹ̀, 50 pàápàá lè pọ̀jù. Òfin mọ èyí: awakọ̀ lè má kọjá ìwọ̀n eré kó sì jẹ̀bi wíwakọ̀ lọ́nà eléwu.

Ìjìyà

Lójú ìwé owó ìtanràn FRSC, ẹni tó kọjá ìwọ̀n eré yóò san ₦3,000, wọn yóò sì kọ àmì ẹ̀ṣẹ̀ 3 sí i lọ́rùn. Wíwakọ̀ lọ́nà eléwu jẹ́ ₦50,000 àti àmì 10. Àmì 10 sí 14 ń mú ìkìlọ̀ wá, 15 sí 20 ń mú kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fúngbà díẹ̀. Tó bá di 21, wọ́n lè gbà á pátápátá. Awakọ̀ tó bá rò pé òun kò jẹ̀bi lè kọ̀ láti san owó náà, kó gba ilé-ẹjọ́ lọ.

Lóde òní, ₦3,000 kò tó ra epo tí yóò gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti Abẹ́òkúta dé Èkó. Ẹ̀sùn tí ẹ̀ṣọ́ bá yàn láti kọ, bóyá eré tó pọ̀jù ni tàbí wíwakọ̀ lọ́nà eléwu, ló ń sọ bóyá ìjìyà náà yóò dun ẹni tó gbà á.

Òfin ìwà ọ̀daràn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 343 sọ pé ẹni tó bá wakọ̀ níwàkuwà débi tó fi fẹ̀mí ẹlòmíràn wewu lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 1. Bí ẹnìkan bá kú, tí ilé-ẹjọ́ sì rí i pé àìbìkítà awakọ̀ náà burú débi ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, abala 325 fàyè gba ẹ̀wọ̀n gbére.

Ní ilẹ̀ mìíràn

Láti 2017, Jámánì ti ní òfin tó dá ìdíje ọkọ̀ lójú títì yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni ó lè já sí, ọdún 10 bí ẹ̀mí bá lọ, ó sì mú ẹni tó dá nìkan sáré láti mọ ibi tí eré ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ tún lágbára láti gba ọkọ̀ tí wọ́n fi díje lọ́wọ́ olówó rẹ̀.